Ẹ̀gbọ́n Rẹ Náà Nílò Ìtọ́jú

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Owó tí o fi ránṣẹ́ ti dé. A ti fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti pámpásì ìyá àgbà. Wọ́n ń súre fún ọ láràárọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti dá ìyá àgbà dùbúlẹ̀, òun ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń bọ́ wọn, òun ló ń yí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lóru kí ẹ̀yìn wọn má bàa degbò. Ìyá mi ò gbà kí ọkùnrin wẹ àwọn, ìbáà ṣe èmi. O sì mọ ilé wa ní Ajégúnlẹ̀: balùwẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́yìnkùlé fún gbogbo ayálégbé.

Àwọn ará ilé ń gbìyànjú. Àwọn ọmọ Ìjọ̀ àti Ùròbò inú kọ́mpáùn ló ń bá wa gbé wọn sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sí ọsibítù; àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì náà ń wá kí wọn. Mi ò ní fojú kéré ìyẹn láé. Ṣùgbọ́n tílẹ̀ bá ṣú, ẹ̀gbọ́n rẹ nìkan ló kù. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ń wọn ẹ̀jẹ̀ ìyá, mo ní kó wọn tirẹ̀ náà. Ó ga.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ta wá ni yóò bọ́ ọmọ tí òkété ń mu lọ́mú?

Wọ́n ní ilé ìtọ́jú arúgbó wà ní Yábàá, àwọn Kátólíìkì ní Regina Mundi ní Mùṣín, UCH Ìbàdàn náà sì ṣí ilé ìwòsàn àwọn àgbà ní 2012. Gbogbo wọn dára. Ṣùgbọ́n ibi tí à ń gbé arúgbó lọ nìyẹn. Ẹni tí yóò wọlé wá bá wa ni à ń wá. Ìwọ tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó nílùú Ọba mọ̀ jù mí lọ: òfin Ẹ̀ńgílàǹdì ti ọdún 2014 ní kí ìjọba ìbílẹ̀ máa wo ohun tí olùtọ́jú fúnra rẹ̀ nílò.

Mo mọ̀ pé ó ń dùn ọ́ bí o ti ń wẹ ìyá oníyàá, tí o ò lè wẹ ìyá àgbà tìrẹ. Má jẹ́ kó bà ọ́ lọ́kàn jẹ́, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì wà ní Àpápá. Ó gbà láti máa wá lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n rẹ lè sùn, kó sì padà sí ìsọ̀ rẹ̀. Jẹ́ ká jọ dá owó nọ́ọ̀sì náà. Kó o tó dáhùn, pe ẹ̀gbọ́n rẹ. Má bi í léèrè ìyá àgbà; òun gan-an ni kó o béèrè.

Bàbá rẹ