Súíìṣì Tí Ọwọ́ Lè Dì Mú

Àwọn tí wọ́n wá orúkọ Yorùbá fún ètò inú kọ̀ǹpútà pè é ní iṣẹ́ àìrídìmú. Orúkọ náà bá a mu. Ohun tí ojú kò rí, tí ọwọ́ kò sì lè dì mú, ni ó ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kí ó lajú tàbí kí ó dijú. Nígbà tí ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà alágbèéká bá tẹ àmì Wi-Fi tí ó wà lójú ẹ̀rọ, tí àmì náà sì ṣú, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ni ó pa á. Iṣẹ́ ni ó rán. Àìrídìmú ni ó gba iṣẹ́ náà, àìrídìmú kan náà ni ó sì padà wá sọ pé òun ti jẹ́ ẹ. Ta ni ẹlẹ́rìí?

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ Apple gbé iOS 11 jáde fún àwọn fóònù rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá tẹ àmì Wi-Fi ní ojúlé tí a ń fà jáde lójú fóònù kò pa Wi-Fi mọ́. Ó kàn yọ fóònù kúrò lára nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ó wà ni. Bí aago márùn-ún ìdájí bá lù, fóònù yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀. Apple kọ èyí sílẹ̀, kò fi pamọ́, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tí ń tẹ àmì náà ni ó kà á?

Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní Lower Merion, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn aláṣẹ ilé-ìwé ìjọba níbẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ní kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n lè gbé relé. Ètò kan wà nínú rẹ̀ tí ó lè ya àwòrán láti ojú kámẹ́rà, kí a lè tọpa ẹ̀rọ bí olè bá gbé e. Ní oṣù kejì ọdún 2010, akẹ́kọ̀ọ́ kan àti àwọn òbí rẹ̀ pe ẹjọ́, nítorí pé àwòrán tí a yà nínú yàrá ọmọ náà ni wọ́n fi bá a wí nílé-ìwé. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí, àwòrán tí ó lé ní 50,000 ni wọ́n rí, ti kámẹ́rà àti ti ohun tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ti rí iná aláwọ̀ ewé tí ń ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, wọ́n sì béèrè. Èsì tí wọ́n gbà ni pé ẹ̀rọ náà ló ń ṣe ségesège. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, àwọn aláṣẹ gbà láti san 610,000 dọ́là kí ẹjọ́ náà lè parí. Iná yẹn gan-an kò ṣeé gbára lé tán: ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Johns Hopkins fi hàn pé kámẹ́rà àwọn MacBook kan tí ó ti pẹ́ lè máa ríran láìjẹ́ pé iná rẹ̀ tàn.

Ilé-iṣẹ́ Purism, tí Todd Weaver dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2014, ṣe kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó pè ní Librem, ó sì fi súíìṣì méjì sí i: ọ̀kan fún kámẹ́rà àti gbohùngbohùn, èkejì fún Wi-Fi àti Bluetooth. Ohun tí ó ṣèlérí ni pé súíìṣì náà ń gé ọ̀nà iná gan-an. Kámẹ́rà tí iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè gbọ́ àṣẹ, ìbáà jẹ́ ti ẹni tí ó ni ẹ̀rọ, ìbáà jẹ́ ti amí. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ibi tí yóò gbà wọlé.

Súíìṣì ara kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun tuntun. Púpọ̀ nínú àwọn tí a ṣe ní àwọn ọdún 2000, bíi ThinkPad, ni ó ní súíìṣì Wi-Fi létí rẹ̀, nítorí ọkọ̀ òfurufú àti nítorí bátìrì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó ni ibi tí wáyà súíìṣì náà lọ. Nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, wáyà náà kì í gé iná. Ṣe ni ó ń sọ fún káàdì Wi-Fi pé kí ó dákẹ́. Káàdì náà sì ní àìrídìmú tirẹ̀ nínú, òun ni yóò pinnu bóyá yóò gbọ́. Iṣẹ́ rírán náà ni a tún padà sí.

Àwọn súíìṣì méjèèjì ara Librem kò tilẹ̀ dọ́gba. Ètò búburú tí ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà lè máa kó ọ̀rọ̀ jọ ní gbogbo àsìkò tí Wi-Fi fi wà ní pípa, kí ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú tí olówó ẹ̀rọ bá tan án láti ka lẹ́tà. Ìdádúró lásán ni. Ṣùgbọ́n àwòrán tí a kò yà, kò sí ẹni tí yóò rí i jí. Nítorí náà ni súíìṣì kámẹ́rà àti gbohùngbohùn fi yẹ kí ó ṣíwájú. (Fóònù tí ó la etí sílẹ̀ lórí tábìlì kan náà lè sọ gbogbo làálàá yìí di asán.) Àwọn ẹlòmíràn ń fi téèpù bo ojú kámẹ́rà, irú rẹ̀ hàn lára kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí tábìlì Mark Zuckerberg nínú àwòrán kan tí ó jáde ní ọdún 2016. Téèpù dára, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n bí ó bá dí ojú, kò dí etí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Framework gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká tirẹ̀ jáde ní ọdún 2021, súíìṣì kékeré méjì ni ó fi sí òkè ojú rẹ̀, ọ̀kan fún kámẹ́rà, èkejì fún gbohùngbohùn. Kò fi ti Wi-Fi sí i.