Ohùn Ìyá Àgbà nínú Kọ̀ǹpútà Kékeré

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le. Kọ̀ǹpútà kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló jẹ́ kí òwe yìí yé mi dáadáa.

Raspberry Pi ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti gbé e jáde lọ́dún 2012, kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè fi kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà láìná owó rẹpẹtẹ. Linux ló ń lò, orí káàdì kan bí èékánná sì ni gbogbo ohun tó mọ̀ wà. Nílé wa, ètò MPD ló ń gbé ohùn jáde láti inú rẹ̀, kí Bàbá àgbà, tí wọn kò ríran mọ́, lè máa gbọ́ Ìyá àgbà. Kí Ìyá àgbà tó dolóògbé, wọ́n ki oríkì ilé wa sínú fóònù ẹ̀gbọ́n mi. Olè ti jí fóònù náà. Orí káàdì yìí nìkan ni ohùn náà kù sí.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ, iná dé, ẹ̀rọ kò fọhùn mọ́. Bàbá àgbà béèrè pé, "Ṣé ìyá yín tún ti lọ ni?" Bọ̀dá kan ládùúgbò ní kí n pa gbogbo ohun tó wà lórí káàdì rẹ́, kí n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wádìí ná.

Mo yá laptop olùkọ́ wa, mo gba Wi-Fi wọ inú ẹ̀rọ náà, mo sì kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ohùn náà. Ó sọ̀rọ̀ ketekete lórí laptop. A jẹ́ pé ohùn kò bàjẹ́. Ọ̀nà tó ń gbà jáde ló ní wàhálà. Mo wá ń bi ẹ̀rọ léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tẹ systemctl status mpd: MPD ń ṣiṣẹ́. Mo tẹ vcgencmd get_throttled, kí n mọ̀ bóyá iná tó ń wọlé kéré: ó dáhùn pé 0x0, iná tó. Mo tẹ aplay -l, tó ń ka gbogbo ojú ọ̀nà ohùn. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú.

Ojú ọ̀nà méjì ló wà: ihò earpiece, àti ti USB tí sípíkà wa so mọ́. Èyí tó bá kọ́kọ́ jí ni Linux ń fún ní nọ́ńbà 0. USB ló ń jẹ́ 0 tẹ́lẹ̀, òun la sì kọ sínú ètò MPD. Nígbà tí iná dé, ihò earpiece ló ṣáájú. Ẹ̀rọ kò dákẹ́ rárá. Inú ihò tí a kò ki nǹkan kan bọ̀ ni Ìyá àgbà ti ń ki oríkì.

Mo pa nọ́ńbà náà rẹ́, mo kọ orúkọ USB gan-an sí ipò rẹ̀, nítorí orúkọ kì í yí padà bí iná bá lọ. Mo tún MPD tàn. Ohùn dé. Bàbá àgbà kò sọ nǹkan kan; wọ́n ṣí fìlà, wọ́n gbé e lé itan, wọ́n ń gbọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, ẹ má tètè pa ohun inú rẹ̀ rẹ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà, ẹ bi í léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má sì yí ju ohun kan lọ padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi mẹ́ta ni ohùn Ìyá àgbà wà báyìí.