Eyín Màmá Àgbà

Oríkì ni Màmá àgbà fi máa ń jí mi bí mo bá wálé. Lọ́lidé tó kọjá, wọn ò kì mí. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n ni.

Àṣé eyín àtọwọ́dá wọn ni! Tọ̀sán-tòru ló ń wà lẹ́nu wọn, nítorí ojú ń tì wọ́n. Àjà ẹnu wọn ti pọ́n, igun ẹnu sì ti là.

Dókítà eléyín ní ohun tó ń hù síbẹ̀ fara jọ èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu. Ó fún wọn lóògùn. Ó ní kí wọ́n máa yọ eyín náà lálẹ́, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí wọ́n rẹ ẹ́ sómi tútù. Omi gbígbóná lè mú kó wọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, eyín wà nínú ife. "Má wo ẹnu mi o." Mo paná. Wọ́n kì mí nínú òkùnkùn. "F" tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì pé àfeyínfètèpè ni, ètè nìkan ni Màmá fi pè é. Síbẹ̀, ìlà kan ò sọnù.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín: ṣé wọ́n ń yọ eyín lálẹ́?