Àpáta Bass àti Èdè Abínibí Stevenson

Láàrin wa, Treasure Island ni ọ̀pọ̀ fi mọ Robert Louis Stevenson. Ìwé náà dára, ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé ìtàn-àròsọ ajẹmọ́-ìtàn yóò ka Kidnapped (1886) àti Catriona (1893) tí ó tẹ̀lé e. Nínú Catriona ni North Berwick, ìlú etíkun kan ní ilẹ̀ Scotland, ti ṣe iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí àwa olùkọ́ èdè Yorùbá kíyè sí.

Ìlà-oòrùn Edinburgh ni ìlú yìí wà, níbi tí odò Forth ti ń wọ òkun. Ibẹ̀ ni Stevenson ti máa ń lo ìsinmi nígbà èwe rẹ̀. Ní 1888, ó kọ àròkọ kan nípa bí òun àti àwọn ọmọkùnrin ẹgbẹ́ òun ṣe máa ń fi àtùpà tí wọ́n ti tàn pamọ́ sábẹ́ ẹ̀wù lálẹ́. Kò sí ẹni tí ó rí iná náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé e mọ̀ pé ó ń jó, ìyẹn sì tó ayọ̀. Nínú òkun níwájú ìlú ni àpáta Bass dúró sí. Gíga rẹ̀ ju 100 mítà lọ, ẹyẹ òkun a sì bò ó funfun. Ní sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún, ìjọba sọ ibẹ̀ di ẹ̀wọ̀n fún àwọn onígbàgbọ́ tí kò gbà kí ọba pàṣẹ ìsìn fún wọn. Nígbà tí mo dúró létíkun North Berwick ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ohun tí ó gbà mí lọ́kàn ni pé àpáta náà kò jìnnà. Ẹlẹ́wọ̀n ibẹ̀ yóò máa wo èéfín ààrò àwọn ará ìlú.

Ní 1752, wọ́n yìnbọn pa Colin Campbell ní Appin, wọ́n sì so James Stewart kọ́ nítorí ikú náà, bí ọ̀pọ̀ tilẹ̀ gbà títí di òní pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ìtàn gidi nìyẹn. Stevenson wá fi David Balfour, ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀, ṣe ẹlẹ́rìí tí ó lè gba ọkùnrin náà là, ó sì jẹ́ kí àwọn alágbára jí i gbé lọ sórí Bass títí ẹjọ́ fi parí. Kò yí ìdájọ́ padà rárá. Ó kàn wí fún wa ibi tí wọ́n fi ẹlẹ́rìí pamọ́ sí.

Orí àpáta yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Gẹ̀ẹ́sì ni David fi ń ròyìn, ṣùgbọ́n nígbà tí Andie, olùtọ́jú àpáta, fẹ́ pìtàn Tod Lapraik, Stevenson jẹ́ kí ó fi Scots, èdè abínibí rẹ̀, sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ahunṣọ ni Lapraik, oṣó sì ni. Yóò jókòó nídìí òfì nílé, ọwọ́ á máa hun, ojú á dì pa. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn á rí i tí ó ń jó lórí àpáta. Wọ́n ki owó fàdákà bọ ìbọn, wọ́n yìn ín. Ilé ni ó kú sí, inú ọkàn rẹ̀ ni wọ́n sì ti bá owó náà. Ta ni nínú wa tí a ó tún ṣàlàyé èyí fún? North Berwick pẹ̀lú ti gbọ́ irú rẹ̀ rí: láti 1590 ni wọ́n ti ń fi ẹ̀sùn kan àwọn kan pé wọ́n pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì ìlú náà, wọ́n sì gbé ìjì dìde sí ọkọ̀ Ọba James kẹfà.

Bí Andie ti parí ni ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́, ará ilẹ̀ olókè tí Gaelic jẹ́ èdè rẹ̀, ní ìtàn àwọn ni. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n fi ọ̀bẹ yanjú ẹni tí ó ni ín.

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn olùkọ́ ní Scotland a máa na ọmọ tí ó bá sọ Scots nílé ẹ̀kọ́. Stevenson, ní tirẹ̀, ka ìtàn Lapraik mọ́ èyí tí ó dára jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Mo rántí èyí nígbà tí mo rí ibi tí akẹgbẹ́ mi kan ti fi báírò pupa fa igi lé ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀ṣà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan fi sí ìyá àgbà lẹ́nu. Yorùbá àjùmọ̀lò ni à ń kọ́ wọn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà Iléṣà kò bá wọn jókòó ní kíláàsì.

Samoa ni Stevenson wà nígbà tí ó kọ Catriona. Àìsàn ti lé e kúrò nílé láti 1887, kò sì padà rí North Berwick mọ́ títí ó fi kú ní 1894. Ní 1902 ni wọ́n tan iná ilé ìmọ́lẹ̀ orí Bass fún àwọn ọkọ̀ ojú omi. David Stevenson, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ni ó kọ́ ọ.