Kí Ni Ó Ń Gbé Bàálù Dúró Lókè?

Ẹ̀yin ìyàwó ilé ẹlẹgbẹ́ mi, àbúrò mi obìnrin kan, tí ọkọ rẹ̀ wà ní Kánádà, gba ìwé àṣẹ ìrìn-àjò tán, ó sì kọ̀ láti lọ. Ó ní irin kò lè dúró nínú afẹ́fẹ́, òun kò sì ní gbé ọmọ oṣù mẹ́fà lé e. Pápá bàálù àtijọ́ wà ní Ìdó-Òṣun, nítòsí Ẹdẹ níbi tí a ń gbé, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa kò fọwọ́ kan bàálù rí. N kò bá a jà. Ọkọ ń retí, ọmọ kò mọ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í gbọ́ ìbáwí.

Mo ní irin kọ́ ni ó pọ̀ jù lára ọ̀pọ̀ bàálù. Alumíníọ́mù ni, ìbátan ìkòkò fífúyẹ́ inú ilé ìdáná yín. Agbára mẹ́rin ni ó ń bá a ṣe: ìwúwo rẹ̀ ń fà á wálẹ̀, ìyẹ́ ń gbé e sókè, ẹ́ńjìnnì ń tì í síwájú, afẹ́fẹ́ ń dá a dúró. Ti ìyẹ́ ni ó ń ya ènìyàn lẹ́nu. Bí mọ́tò bá ń sáré lọ sí Òṣogbo, tí ẹ na àtẹ́lẹwọ́ síta, tí ẹ gbé iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀, ọwọ́ náà yóò gbéra fúnra rẹ̀. (Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé dán an wò o.) Bí ìyẹ́ ti ń ti afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń tì í sókè. Ìdí nìyẹn tí bàálù fi ń sáré gidigidi kí ó tó fò.

Ní ti ara rẹ̀, kò yẹ kí ó ṣe àjèjì sí àwa ará Ẹdẹ, ìlú Tìmì Láoyè onílù. Igi, awọ àti ọsán ni ó jọ ń gba ìnira dùndún. Egungun bàálù àti awọ alumíníọ́mù rẹ̀ náà ni ó jọ ń ru ẹrù.

Ní nǹkan bíi mítà 10,000 lókè, afẹ́fẹ́ kò tó mí. Ẹ̀rọ ni ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kún inú bàálù, ara rẹ̀ a wú díẹ̀, a sì tún rọ̀ bí ó bá balẹ̀. N kò fi ọ̀rọ̀ Comet pamọ́ fún àbúrò mi. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ṣe é, òun sì ni bàálù jẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí ó kó èrò, ní 1952. Ní 1954, méjì fọ́ lójú òfúrufú, ènìyàn 56 sì kú. Àwọn olùwádìí gbé ọ̀kan sínú àgbá omi ńlá, wọ́n ń rọ omi kún inú rẹ̀ kí ó wú, wọ́n ń jẹ́ kí ó rọ̀, títí ó fi bẹ́. Ẹ̀bá igun fèrèsé ni ó ti ya. Ẹ̀yin tí ẹ ń ránṣọ mọ̀ ọ́n: bí ọrùn aṣọ bá jẹ́ onígun mẹ́rin, igun ni í kọ́kọ́ fàya. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yí igun fèrèsé bàálù róbótó. Ì bá dára kí wọ́n ti bi aránṣọ léèrè!

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni ó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ni í máa dun ọmọ létí nígbà tí bàálù bá ń sọ̀kalẹ̀. Àgbàlagbà a gbé itọ́ mì, etí rẹ̀ a là. Igbe ni ti ọmọ ọwọ́. Ẹ má dúró títí ilẹ̀ yóò fi súnmọ́. Gbàrà tí ẹ bá gbọ́ pé bàálù ti ń sọ̀kalẹ̀, ẹ jí ọmọ bí ó bá sùn, kí ẹ sì fi ọmú sí i lẹ́nu.