Aro l'Ábẹ́òkúta: Iṣẹ́ tí ọmọ tó ti òkè òkun bọ̀ ṣe fún ilé

Bí ẹnì kan bá ń sọ kántankàntan lọ́jà, kíá lẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn: "Ẹ gbé e lọ sí Aro!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló mọ̀ pé ọmọ Ẹ̀gbá kan tó kàwé nílùú Òyìnbó, tó sì padà wálé, ló sọ Aro yìí di ibi tí ọ̀jọ̀gbọ́n ilẹ̀ Amẹ́ríkà pàápàá wá kọ́gbọ́n?

Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ láti àárín ìlú Abẹ́òkúta, Lafẹ́nwá ni yóò gbà. Yóò sọdá odò Ògùn, yóò kọjá lára ọjà, níbi tí ariwo ọlọ́jà àti ti ọlọ́kadà ti ń dún lọ́tùn-ún lósì. Lẹ́yìn náà ni yóò dé Aro.

Kí Aro tó wà, Lántòrò ló wà. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni Lántòrò tẹ́lẹ̀. Ní 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn sójà tí ogun ti da orí wọn rú sí. Ẹ gbọ́ ná, aláìsàn nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n!

Ní 1923 ni wọ́n bí Thomas Adéoyè Lambo ní Abẹ́òkúta. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Yunifásítì Birmingham, ó sì tún kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1954, iṣẹ́ Aro bọ́ sí i lọ́wọ́. Ilé ìwòsàn náà ò tíì parí. Ẹlòmíràn ì bá jókòó máa retí ìjọba, àbí kó tilẹ̀ di ẹrù rẹ̀ padà sí Lọ́ńdọ̀nù.

Abúlé ni Lambo wọ̀ lọ. Ó bá àwọn àgbà tó yí Aro ká sọ̀rọ̀, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba aláìsàn sílé. Àdéhùn ni pé aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá. Ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí ìbátan mìíràn gbọ́dọ̀ bá a wá, kó máa se oúnjẹ fún un, kó máa fọ aṣọ rẹ̀. Láàárọ̀, aláìsàn á lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn. Bó bá di ọ̀sán, á padà sáàárín èèyàn, á jẹ ọkà, á gbọ́ ìlù. Wọn ò so ó mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́.

Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá a ṣiṣẹ́. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ dókítà tó kàwé ni kì í fẹ́ kí wọ́n rí òun pẹ̀lú babaláwo. Ṣùgbọ́n ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Abúlé náà jèrè o. Owó ilé wọlé fún onílé, omi ẹ̀rọ dé, wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá. Ní 1961, àwọn dókítà àrùn ọpọlọ láti ilẹ̀ Áfíríkà àti òkè òkun ṣèpàdé ní Abẹ́òkúta. Ọ̀jọ̀gbọ́n Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà bá Lambo ṣèwádìí láwọn abúlé Yorùbá.

Ká sòótọ́, Lambo náà tún lọ. Ní 1963, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n n'Ìbàdàn. Ní 1968, ó di gíwá yunifásítì ibẹ̀. Ní 1971, ó kọjá sí Geneva lọ́dọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó sì jẹ́ igbákejì ọ̀gá àgbà níbẹ̀ láti 1973 títí di 1988. Ó kú ní 2004. Ṣùgbọ́n Aro ò tìlẹ̀kùn nígbà tó kúrò. Dókítà Tolani Asuni, tí òun náà kàwé lókè òkun tó sì padà wálé, ló tẹ̀ síwájú. Ètò abúlé ò rí bíi ti àtijọ́ mọ́, àmọ́ ilé ìwòsàn náà wà níbẹ̀ dòní.

Lónìí ńkọ́? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dókítà tó kàwé ní Nàìjíríà ló wà nílùú Ọba. Ìyá ta aṣọ, bàbá fi iṣẹ́ káfíńtà sanwó ilé ẹ̀kọ́, ọmọ wọ ọkọ̀ òfúrufú, ó lọ. Owó tó ń fi ránṣẹ́ dára. Ó ń ran àbúrò níwèé, ó ń fi páànù tuntun bo ilé. Ta ló máa bá owó jà? Ṣùgbọ́n owó ò lè jókòó ti àgbà abúlé kó bẹ̀ ẹ́. Owó ò mọ̀ pé ìyá aláìsàn ló yẹ kó bá a wá.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó padà ló wúlò. Ẹni tó dé tó ń yínmú, tó ń ní "Ní Lọ́ńdọ̀nù, a kì í ṣe báyìí," kó kúkú jókòó sọ́hùn-ún. Ilé náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Dókítà tí a ò sanwó fún, tí kò ní iná, tí kò ní oògùn, kí la fẹ́ kó ṣe? Àwọn ará abúlé Aro ṣílẹ̀kùn ni Lambo fi ríṣẹ́ ṣe.

Àjò ò lè dùn kónílé má relé. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, bí ọmọ yín bá pè láti òkè òkun lálẹ́ òní, ẹ má kàn bi í léèrè ìgbà tó máa fowó ránṣẹ́. Ẹ bi í pé kí ló ti kọ́ tí ilé lè lò. Bó bá ní òun ń bọ̀, ẹ ti tún àyè ṣe dè é.