Ìtọrẹ Tó Jẹ́ Òdodo

Tzedakah ni àwọn Júù ń pe ìtọrẹ fún aláìní. Inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí òdodo ló ti jáde. Maimonides, àgbà amòfin wọn láyé àtijọ́, ní ìpele rẹ̀ tó ga jù lọ ni kí a ran ènìyàn lọ́wọ́ títí tí kò fi ní tọrọ jẹ mọ́.

Ní Sùúrùlérè, ìjọ Àgùdà dá ilé-ẹ̀kọ́ afọ́jú Pacelli sílẹ̀ ní 1962. Ìka ni àwọn ọmọ ibẹ̀ fi ń kàwé. Afọ́jú tí ọmọdé ń fà kiri láàárín ọkọ̀ ní Ojúẹlẹ́gba ń gba náírà, ṣùgbọ́n náírà kì í gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọ àti mọ́ṣáláṣí mélòó ní Múṣin àti Yábà ló ń gba igbá lọ́wọ́ alágbe?